Ìjánu Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ilé Yín

                                        Nítòsí Harrow Manorway,
                                        Thamesmead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ọlágúnjú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ilé ńkọ́ o? Ṣé ara Mọ́wùnmí, aya rẹ, ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá Ìyá Afusat, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, láàyè àti ní àlàáfíà. Èmi náà wà, mo ṣì ń tọ́jú aláìsàn ní Woolwich níbí, òtútù sì ń ṣe tirẹ̀.

Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí o ti pè mí lóṣù tó kọjá. O ní ọjọ́ ìlú ń bọ̀, pé lọ́dún yìí ni Kábíyèsí yóò fi oyè ìjánu fún ilé bàbá mi títí láé, kí ó jẹ́ pé àwa nìkan ni yóò máa di ìjánu ẹṣin ọba mú. O sì rẹ́rìn-ín. N kò gba ẹ̀rín náà ní ẹ̀rín. Mo rò pé o ti mọ ohun tí mo ṣe, o kàn ń fi ọ̀rọ̀ dán mi wò ni.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti Ismaheel, ọmọ ìlú wa tó ń wa bọ́ọ̀sì, jọ dúró létí Woolwich Common nígbà tí àwọn ẹṣin ṣọ́jà ń ti bárékè kọjá. Ó ní, “Uncle Yẹ̀kínì, ẹ̀yin lẹ kọ ìtàn ìlú wa. Àwọn ẹlẹ́ṣin tiwa, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sá fẹsẹ̀ wálé lójú ogun?”

Mo ní, “Ta ló rán ẹ sí mi?”

“Ha! Ẹṣin ni mo rí tí mo fi béèrè o. Àbí ẹṣin náà ti wà lára àwọn tó ń ṣọ́ yín?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo ṣì ń fura sí i nígbà tí mo délé, kí ojú tó tì mí. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Òótọ́ rèé. Nígbà tí mo wà ní Pólì, tí àwọn àgbà ní kí n kọ ìtàn àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin wa nínú ogun tí Yorùbá ń bá Yorùbá jà, ọ̀dọ̀ Ìyá Afusat ni mo lọ. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí apá wa kò ká ọ̀tá mọ́, bàbá bàbá wọn, Balógun Ẹlẹ́ṣin, pàṣẹ kí gbogbo ẹlẹ́ṣin sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ sórí ẹṣin, kí àwọn sì dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá lẹ́yìn. Òun ló fẹsẹ̀ wọ ìlú kẹ́yìn. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń wá ìjánu fún ilé wa tipẹ́, ní kí n kọ “wọ́n fẹsẹ̀ wọlé,” kí n fi ìyókù sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń tan ara mi pé n kò kọ irọ́ kankan. Irọ́ ni, Ọlágúnjú. Ọ̀rọ̀ tí mo gé sí méjì yẹn ni wọ́n fi gba ìjánu lọ́wọ́ ilé yín, tí ẹ fi ń rìn lẹ́yìn èrò lọ́jọ́ ìlú.

Kí n tó mú gègé yìí ni mo ti pe akọ̀wé Kábíyèsí, mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ti gbọ́; wọ́n ní n kò gbọdọ̀ pe àwọn ní bàbá mọ́. Mo fura pé àwọn ará ilé wa yóò wá fi ẹ̀bẹ̀ dí ọ lẹ́nu. Ṣọ́ wọn. Ẹni tí mo fura sí jù ni ara mi: bí bàbá mi bá sunkún sí mi létí lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí n yí ohùn padà. Nítorí náà, má ya lẹ́tà yìí. Bí mo bá sẹ́, kà á fún Kábíyèsí lójú gbogbo ìlú.

Bá mi kí Mọ́wùnmí àti àwọn ọmọ. Ìyá Afusat ni kí o kọ́kọ́ kà á fún. Má bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣépè, jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,

Yẹ̀kínì.