Ìgò Tó Ń Rojọ́ Oúnjẹ Mi

Yísà ọmọ mi, sàlámọ̀ ni mo fi ṣíwájú. Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ ní Kàdúná, kí ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sí àdúgbò Adéwọlé láti abúlé fún ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà, bí mo bá ti jẹun àárọ̀, màá dúró kí oúnjẹ náà wọlé, màá wé gèlè, màá tọ̀ sínú ife tí Hàlímọ̀tù, ìyàwó Gàní àbúrò mi, yà sọ́tọ̀ fún mi. Mo ń wé gèlè nítorí ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Hàlímọ̀tù, nọ́ọ̀sì ni, á da omi oògùn búlúù tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, á kán ìtọ̀ mi sí i, á gbé e sórí iná títí yóò fi hó. Bí ó bá dúró ní búlúù, ara dá. Bí ó bá dà bí ewé, ó sàn díẹ̀. Bí ó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti kún inú mi nìyẹn. Ó ní bí ó bá ń pọ́n báyìí, dókítà ò ní jẹ́ kí n gba ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Yísà, ọdún tí mo bí ọ nìkan ni mi ò gbààwẹ̀, mo sì gbà á padà.

Ṣúgà inú páálí, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná lásán ni mo mu, ìgò pọ́n. Mo ní ẹnì kan ló ń rojọ́ mi, ni mo bá mu ún lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kejì, mo kọjú sí ògiri, ó tún pọ́n. Mo wá jẹ ẹ̀wà ní gbangba, ìgò ò ṣe ju àwọ̀ ewé lọ. Hàlímọ̀tù ní ẹ̀kọ kì í pẹ́ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, pé ẹ̀wà ní tirẹ̀ ń rọra bọ̀ ni. Mo bi í pé ta ló ń yí ẹ̀kọ mi padà nígbà tí mi ò rán an níṣẹ́. Gàní rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ti kọ́ ìwé tí mo ń kọ sí ọ yìí, mi ò tíì ní ọ̀rẹ́, ojú ń tì mí, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹni tó bá fi búrẹ́dì àti mínírà panu wá, á kọ́kọ́ ta jí, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa tòògbé. Obìnrin tó ń jẹ ẹ̀pà wá kì í sùn.

Nígbà tí ìgò ò gbọ́ tèmi, mo lọ bá Àáfà Abdulmumini nítòsí ọjà Ìpàtà. Wọ́n kọ Kùránì sórí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú abọ́, wọ́n da oyin sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe hàǹtú fún gbogbo ènìyàn, mo sì gbé e mu kanlẹ̀. Ìgò pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn mi bàjẹ́, mo rò pé àdúrà ò gbà. Hàlímọ̀tù bi mí ohun tó wà nínú hàǹtú. Mo ní oyin ni, oyin kì í sì í ṣe ṣúgà, Kùránì pè é ní ìwòsàn. Ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá wa, ṣùgbọ́n ìgò ò lọ ilé kéwú. Ó ní àdúrà kọ́ ló jẹ̀bi, oyin ni.

Bí owó oṣù bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n máa fi ra ẹ̀wà, nítorí ẹ̀kọ ni gbogbo ilé ń mu, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa se ìkòkò méjì nítorí mi. Bí o bá rí irú ìgò yẹn ní Kàdúná, ra tuntun fún mi. Ti Hàlímọ̀tù yìí, mo rò pé ó ti mú mi sínú. Wàá jẹun, ara rẹ á gbà á, ọmọ rẹ náà á jẹ, á yó. Èmi Àṣàbí ìyá rẹ ni mo ṣàdúrà yẹn.

Lọ́la, bí mo bá ti kírun àsùbáà, mo fẹ́ gbójú lọ bá Àáfà pé kí wọ́n má fi oyin sí tèmi mọ́. Bí ó bá korò, màá mu ún bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ ni mo fẹ́ gbà.