Lẹ́tà Bàbá Kóòṣì

Idaw River, Enugu. Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1988.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá fọ abọ́ tán, màá nu ọwọ́ mi gbẹ, màá fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá Kóòṣì, onílé mi, màá sì ka ìwé ìròyìn fún wọn, nítorí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Àwọn nìkan ló ń bá mi sọ Yorùbá ládùúgbò yìí.

Lónìí, lẹ́tà ni wọ́n gbé fún mi. “Wò ó, ọmọ mi, bóyá àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù tuntun tí mo béèrè.”

Àwọn ọ̀gá ti gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́ wọn, láti ọ̀la. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́sàn-án nílùú òyìnbó! Nílé, àwọn àgbà la máa ń kó jọ kí a tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ta ni mo fẹ́ kó jọ níbí?

“Wọ́n kí yín, sà.”

“Ìkíni nìkan? Ṣé ìkíni la ó gbá sáwọ̀n ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu bàtà ìgbábọ́ọ̀lù wọn.

Bí wọ́n bá dé pápá, tí wọ́n bá ẹlòmíràn tó ń fun fèrè fún àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́...

Lọ́la, kí wọ́n tó so okùn bàtà náà, màá kúnlẹ̀, màá ka lẹ́tà yẹn tán.