Àpò Òkúta Tó Wà Lábẹ́ Kámẹ́rà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ibẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan fìdí lé kí n tó sọ̀rọ̀. Yèyé ti ya fọ́tò! Yèyé tiwa, ìyá tó bí yín, tó máa ń fi ìborùn bojú tí ẹ bá ti gbé kámẹ́rà kọjá níwájú rẹ̀. Ó jókòó síta gbangba, lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Ọ̀pin níbí, ó wo ojú kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Èmi ni mo sì yà á. Ẹ gbọ́ mi? Èmi ni!

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní yà á, àfi lọ́jọ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá pé síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin àkọ́bí wà nílé, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Kàdúná, wọn kì í wálé pọ̀. Nígbà tí wọ́n máa pàpà pé, ìsìnkú yín ló kó wọn jọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n bèèrè fọ́tò yín tí wọ́n máa gbé sórí tábìlì. A tú gbogbo àpótí, a ò rí ẹyọ kan. Ẹ ti ya ìyàwó, ẹ ti ya ìjòyè, ẹ ti ya ẹgbẹ́ akọrin, ẹ tiẹ̀ ti ya ewúrẹ́ àlùfáà. Ta ló ya ẹ̀yin? Ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ wà ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, àwa náà ò sì ronú kàn án. Ó ń dùn mí di òní.

Àfi bí wọ́n ṣe tún pé ní Kérésìmesì yìí, tí Yèyé pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ọdún pé kí n gbé kámẹ́rà jáde. Mo fò sókè! Lẹ́yìn náà ni mo yẹ àpótí mi wò. Àwọn oníbàárà ọdún ti gba gbogbo fíìmù mi, ẹyọ kan ṣoṣo tó lè ya fọ́tò kan péré ló kù. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta bá mọ́, àwọn ará Kàdúná ti lọ nìyẹn. Yèyé fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ ò le mọ́. Tí mo bá ba èyí jẹ́, ó ti bàjẹ́ pátápátá.

Ọyẹ́ sì ń fẹ́ bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi. Ẹ mọ àpáta wa, níbi tí àwọn obìnrin ń sá iṣu èlùbọ́ sí. Kò sí igi, kò sí ògiri, atẹ́gùn a kàn máa rìn níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo bá gbé ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta yín jáde, igi àtijọ́ tí ẹ máa ń gbé kámẹ́rà lé. Mo ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é: ẹsẹ̀ méjì síbi tó da gẹ̀rẹ́, ẹyọ kan sókè. Mo wo táyà tí ẹ gé mọ́ ọn nídìí kó má baà yọ̀. Mo sì so àpò òkúta kọ́ sí i láàárín, kí atẹ́gùn má baà gbé e ṣubú.

Àpò yẹn! Ẹ rántí bí mo ṣe ń ráhùn tí mo bá rù ú tẹ̀ lé yín lọ sí Ìlọ́fà? Ṣé kò sí òkúta ní Ìlọ́fà ni? Ẹ̀rín lásán lẹ máa ń rín. Ṣòkòtò oko yín tó gbó lẹ fi rán an, òkúta tó bá a mu nìkan lẹ sì ń kó sínú rẹ̀. Tí ẹ bá so ó tán, ẹ óò mi igi náà, ẹ óò dẹ etí sí i bóyá ó ń ké. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín kan kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí a óò fi ṣe tán, bí ẹni di ọmọ mú lọ́jà.

Ó kù díẹ̀ kí n wọ abẹ́ aṣọ dúdú ẹ̀yìn kámẹ́rà ni Yèyé, tó ń bọ̀ wá jókòó, bá dúró. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta yín. Ó ní òun ò ní jókòó o, àfi kí a gbé igi náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, síbi tí àkọ́bí òun ì bá dúró sí. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Háà, Bàbá, òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Orí kí ni kámẹ́rà máa wá dúró lé? Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta onírin kan wà tí àbúrò yín, Bọ̀dá Kàdúná, rà wá fún mi, ó ń dán, ó fúyẹ́, èèyàn lè ká a pọ̀ bí agboòrùn. Mo fà á yọ, mo gbé kámẹ́rà lé e. Mo ní kí n ṣíjú wo Yèyé báyìí, atẹ́gùn dé, ẹsẹ̀ kan yọ́ wọlé sínú ara rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì yọ̀ lórí àpáta. Yéè! Àyà ni mo fi gba kámẹ́rà, mo sì dì mọ́ ọn. Kámẹ́rà yín tí mo fi ń jẹun!

Nígbà tí ẹ̀mí mi balẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ni mo rò. Kí lẹ̀ bá ṣe? Mi ò fa ẹsẹ̀ irin náà gùn mọ́, mo jẹ́ kó kúrú, kó là gbàràgàdà. Mo bọ́ sálúbàtà rọ́bà mi méjèèjì fún ẹsẹ̀ méjì, Bọ̀dá Kàdúná bọ́ ẹyọ kan sílẹ̀ fún ìkẹta. Irin wọ bàtà! Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo tú àpò yín kúrò lára igi, mo so ó mọ́ irin. Mo mì ín, mo dẹ etí. Kò ké. Igi tiyín kò ní àpò mọ́, ṣùgbọ́n Yèyé ti jókòó tì í, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú lẹ́sẹ̀.

Oòrùn ti ń lọ, nítorí náà ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o. Mo kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má mira. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Àṣé Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá yín, ti gun kẹ̀kẹ́ láti Ìsólò-Ọ̀pin, ó sì yọ sí wa láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Èmi náà ńkọ́? Mo kúnlẹ̀ tìdérí-tìdérí lọ́wọ́! Orúnkún mi gbá ẹsẹ̀ irin náà, àpò òkúta fì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Bàbá Kékeré sì ń kí wa ní kíkí rẹ̀ tí kì í tán: ilé, oko, ọ̀nà, ọdún, ọmọ. Ó rìn kọjá níwájú wa láti bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rántí pé ojú kámẹ́rà ṣì là sílẹ̀ kalẹ̀. Mo fò dìde, mo dé e. Inú mi bàjẹ́. Mi ò lè sọ fún wọn.

Òwúrọ̀ yìí ni mo fọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ ti wọ fíìmù náà jù, ó dúdú kirikiri, mo wá fi ìwé fọ́tò rẹ̀ sábẹ́ iná títí. Nígbà tó yọ jáde nínú omi, mo pariwo, Bàbá. Gbogbo wọn dà bí èéfín. Bọ̀dá Kàdúná ní ọrùn, kò ní orí. Bàbá Kékeré tiẹ̀ rìn kọjá, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Yèyé! Ẹ ò ní rí i kí ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fẹ́ ẹ wọ agboolé kí wọ́n tó bí Bàbá Kékeré, kí ló máa kúnlẹ̀ fún un sí? Ó jókòó jẹ́ẹ́, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ló hàn. Ọwọ́ rẹ̀ hàn, igi tó dì mú hàn, títí kan kókó ara igi náà àti táyà ìdí rẹ̀.

Mo gbé e lọ fún un. Kò bèèrè àwọn tó kù. Ó fi ìka kan igi náà, ó pè yín ní orúkọ tó fi ń kì yín ní kékeré, ó sì ní kí n kọ́ ọ síbi tí ojú òun á ti máa kọ́kọ́ bọ́ sí i tí òun bá jí. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Nínú gbogbo wa, Bàbá mi, ẹ̀yin àti ìyá yín nìkan ni kò mì.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ṣì ń ru àpò òkúta káàkiri, tí kò sì ráhùn mọ́.