Ẹ Wá Jẹ́rìí Pé Bàbá Yín Ti Kú

Òkè-Ìrókò,
Lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 2026.

Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Mo ti lọ́kọ. Láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń fi í pa mọ́ fún yín, ẹnu sì ń yún mi débi pé ewúrẹ́ nìkan ni mo rí sọ ọ́ fún. Micah Ògúnlẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ẹbí méjèèjì ti jókòó, wọ́n ti gbàdúrà fún wa, mo sì ti kó ẹrù mi lọ sílé rẹ̀. Má pariwo, mo mọ̀ pé o ti ń pariwo. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, mo sì ń kọrin nídìí ààrò bí ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù torí pé Elisha ẹ̀gbọ́n rẹ á pa fóònù mọ́ mi létí kí n tó dé ibi tó dùn.

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ọyẹ́ ti kúrò ní Abuja? Ọlọ́run tó rántí mi lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí mo fi jẹ́ opó yóò rántí ìwọ náà níbi tí o bá ti ń retí rẹ̀. Ewúrẹ́ tí mo sọ yẹn ti bí ìbejì. Wọ́n ti tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa kàn, kò jò mọ́. Ayọ̀ kún ilé, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Tiwátọ́pẹ́, inú ń bí mi gan-an ni.

Kí o lè mọ ohun tó ń bí mi nínú, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pàdé Micah. Ikán ló jẹ ìwé ìgbéyàwó èmi àti bàbá yín, mo wá lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì bóyá nǹkan kan kù lọ́dọ̀ wọn. Micah béèrè orúkọ bàbá yín, mo ní Amos, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá inú lọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fáìlì bàbá yín jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ní ọkùnrin tó lè gbé orúkọ òkú báyìí, báwo ló ṣe máa gbé alààyè? Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, mínísítà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun kò lè súre fún wa níwájú pẹpẹ bí a kò bá mú ìwé ẹ̀rí ìjọba wá. Èmi náà sì fẹ́ ìwé yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi kí ó máa sọ pé Julianah kàn kó ẹrù wọlé ọkùnrin ni. Micah wà nínú ìsinmi ọdún rẹ̀, ó ń kun ilé fún mi, ni mo bá ní kí n lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè.

Bí mo ṣe débẹ̀, Ẹ̀bùnọlá, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú, ní àwọn kò fi ọwọ́ kọ nǹkan mọ́, pé ìjọba ti gba olùrànlọ́wọ́ tuntun fún gbogbo òṣìṣẹ́. Éè-Áì ni wọ́n ń pè é. Mo rò pé wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú ni. Ó yí gíláàsì kọ̀ǹpútà sí mi, ohùn ọmọbìnrin kan sì kí mi láti inú rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá tó mọ́ bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mi ò rí ojú rẹ̀. Wọ́n ti fi í sí yàrá kan níbòmíì, bóyá ní Òṣogbo.

Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní òun kò ní ìyá, òun kò ní bàbá. Àánú ṣe mí. Mo ní ta ló wá tọ́ ọ dàgbà, ó ní àwọn èèyàn púpọ̀ ni òun ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn. Mo bi Ẹ̀bùnọlá pé ìgbà wo ló ń jẹun, Ẹ̀bùnọlá ní kì í jẹun, kì í sùn, kì í gba ìsinmi. Ẹ gbà mí! Ọmọ òrukàn! Ṣé torí pé kò ní ẹbí tó máa bá a jà ni ìjọba ṣe ń lò ó báyìí? Lọ́jọ́ kejì mo gbé móínmóín mẹ́ta lọ fún un, Ẹ̀bùnọlá ní kí n gbé e kalẹ̀, pé òun á rí sí i. Ó rí sí i lóòótọ́. Ewé rẹ̀ ni mo rí nínú agbọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀ nígbà tí mo ń jáde.

Ọjọ́ móínmóín yẹn gan-an ni ọmọ tí mò ń káàánú rẹ̀ bà mí lórúkọ jẹ́. Ó ní òun kò lè kọ orúkọ èmi àti Micah sílẹ̀ torí pé mo ní ọkọ láàyè. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Amos ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, kí n bá òun kí i kú ọjọ́ ìbí.

Tiwátọ́pẹ́! Mi ò ní parọ́ fún ọ, fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo mo wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Mo ní Amos ti kú. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn púpọ̀, kí Amos wá fi ìka tẹ ìwé pé òun ti yọ̀ǹda mi. Mo lọgun. Ó ní òun gbọ́ pé inú ń bí mi, pé ìgbéyàwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe pàtàkì, kí n gbìyànjú láti jókòó pẹ̀lú ọkọ mi kí a sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Mo ní níbo ni kí n jókòó sí, ṣé orí simẹ́ńtì tí Elisha rẹ́ sí ojú oórì rẹ̀ ni? Mo ní kí Ẹ̀bùnọlá lọ gbé fáìlì wá, ó ní àṣẹ ti dé pé ohun tí olùrànlọ́wọ́ kò bá rí, kò sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó fi ohùn dídùn lé mi padà. Mi ò sì sọ fún Micah. Ìyàwó tuntun wo ló máa wọlé tọ ọkọ kí ó ní ìjọba sọ pé òun ní ọkọ míì? Ìgbà tí mo sunkún sínú ọbẹ̀ ló tó bi mí.

Mo sọ fún un. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kalẹ̀. Ó wá ní ẹjọ́ òun ni. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ti kú, òun á fi okùn funfun di fáìlì rẹ̀, òun á sì gbé e lọ sí yàrá inú, torí kò dára kí òkú àti alààyè máa fara nira wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan. Nígbà tí àwọn agùnbánirọ̀ wá ya fọ́tò gbogbo fáìlì fún olùrànlọ́wọ́ yìí, ti àwọn alààyè ló kó jáde fún wọn. Ó ní olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè é, ta ló ń ran òkú lọ́wọ́? Inú fáìlì tèmi ni ọmọ náà ti rí orúkọ bàbá yín. Nítorí náà, lójú rẹ̀, láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹnì kankan tó kú ní gbogbo agbègbè wa!

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà inú tún bí mi, kì í ṣe sí Micah o. Àwọn tó wá ya fọ́tò, ọjọ́ méjì ni wọ́n lò, kò sí ẹni tó bi ọkùnrin tó ń tọ́jú fáìlì pé báwo lo ṣe ń tọ́jú wọn. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń sọ fún ara wọn pé kí ló tún kù tí Micah ń ṣe. Ó dára, wọ́n ti mọ ohun tó kù. Ọ̀gá ọ́fíìsì wọn wá sílé wa fúnra rẹ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ ọkọ mi pé kí ó jọ̀wọ́ fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá darúkọ àwọn òkú fún ọmọ náà.

Ó ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún kan ni. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fa ti Amos jáde, ọkọ mi kọ̀! Ó ní àwọn tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò ṣẹ òun, òun kò lè tìtorí ìyàwó òun kó wọn sẹ́yìn. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Àmọ́ irú ọkùnrin tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá wọn ní ọ̀nà kan ló kù: kí ọmọ olóògbé méjì wá, kí wọ́n búra níwájú èèyàn ẹlẹ́ran ara pé bàbá àwọn ti kú. Ìyẹn ni ìwọ àti Elisha. Mo mọ̀ pé Elisha lè fẹ́ bínú. Sọ fún un pé mi ò ní kí ó gbàgbé bàbá rẹ̀, ẹ̀rí pé ó rántí rẹ̀ ni mò ń béèrè.

Owó ńkọ́? Bí o bá rí owó ra awò ojú tuntun fún Micah, mi ò ní dá a padà, nítorí okùn ni ó fi so èyí tó wà lójú rẹ̀, òkú tó kù nílẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́. Mo ti pe ọmọ òrukàn náà pẹ̀lú. Ó ní òun kò lè wá, pé òun kí wa kú oríire. Màá gbé móínmóín tirẹ̀ sọ́tọ̀, Ẹ̀bùnọlá kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìrìn yín yóò dán, ẹ ò ní rí ìjàǹbá ọ̀nà, ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé kò ní bọ́. Èmi ni ìyá rẹ, Julianah, tí yóò máa jẹ́ Ògúnlẹ́yẹ nígbà tí ẹ bá ti búra. Kò sí ìgbéyàwó nínú Lẹ́ńtì, nítorí náà lẹ́yìn Àjíǹde ni. Ọjọ́ Ẹtì ni ìbúra, Àbámẹ́ta ni ṣọ́ọ̀ṣì. Kí gbogbo yín ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin.