Oògùn Ìyá Rẹ Ti Ní Orúkọ Mìíràn

Koro,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Zulkifli ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí Port Harcourt yẹn gbàgbé pé ọmọ ẹnì kan ni ọ́. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Iṣu tuntun ti jáde, ewúrẹ́ Adégbóyèga sì tún wọ oko wa, mo bá a sọ ọ́, ó ní òun ti gbọ́.

Nítorí ìyá rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin Ameenat ẹ̀gbọ́n rẹ ni dókítà Ìlọrin ti ní kó máa lo oògùn ẹ̀dùn ọkàn tí ò ń fi ránṣẹ́. Èyí tó o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn tán, o sì sọ lórí fóònù pé o wá a títí, wọn kò kó o wọ̀lú mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí kò rí i lò, ó kọjú sí ògiri, bí mo bá kí i, kò dáhùn. Mo bá wọkọ̀ lọ sí Osi, wọn kò ní. Mo dé Iloffa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéjùwọ́n, tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, yẹ páálí àtijọ́ tí mo mú dání wò, ó ní òun ní i, àmọ́ orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Mo bi í pé kí ni oògùn náà ṣe tó fi pa orúkọ dà, ṣé ó ti ṣẹ̀ níbìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, oògùn kan náà ni, orúkọ ti àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ tó ń tà á sọ ọ́, èyí ni orúkọ oògùn náà gan-an, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ó yé mi díẹ̀, bíi tìrẹ ni, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà níbẹ̀, tí ìyá rẹ ń pè ní Àlàó. Síbẹ̀ n kò gbà, àfi ìgbà tó pe dókítà Ìlọrin níwájú mi, tí dókítà ní kí ìyá rẹ máa lò ó bó ṣe ń lo ti tẹ́lẹ̀.

Ibì kan wà lára páálí náà tí wọ́n ní kí n họ. Mo rò pé káàdì fóònù ni wọ́n fi ṣe èènì, mo tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí, kò wọlé. Adéjùwọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí n fi nọ́ńbà náà ṣe, sí àwọn tó ń yẹ oògùn wò bóyá ayédèrú ni. Kíá ni èsì dé pé ojúlówó ni. Mo kọ̀wé padà, mo dúpẹ́, mo kí ará ilé wọn, mo ní níwọ̀n bí wọ́n ti wà ní ìlú ńlá, kí wọ́n bá mi wò ọ́ bóyá ò ń jẹun. Wọn kò tíì dá mi lóhùn. Bóyá iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn bíi tìrẹ.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìyá rẹ ti ń lò ó. Lánàá, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, ó gbé àpótí jáde, ó jókòó tì mí, òun náà mú ọ̀bẹ. A bẹ ẹ́ títí, ó wá bi mí pé Àlàó dà, ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. N kò sọ fún un pé àárò rẹ ń sọ èmi náà, pé mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ nígbà mìíràn.

Owó tí o fi ń ra oògùn tẹ́lẹ̀, má dín in kù. Fi ìdajì ra oògùn, fi èyí tó kù wọkọ̀ wálé, ì báà jẹ́ ọjọ́ méjì péré. Bí kò bá tó, wí fún mi, n ó ta iṣu. Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀, kò ní jẹ́ kó jẹ́ òkú ni yóò tún pè ọ́ wálé.

Èmi bàbá rẹ,
Abdulkareem.