Bàtà Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Sátidé, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
Ẹgbẹ́ akéwì wa, Ajégúnlẹ̀. Bọ̀dá Cyril — Oníka ni mò ń pè é nínú ìwé yìí — gbé irú ewì tuntun kan wá. Sínkéènì lorúkọ rẹ̀. Ìlà márùn-ún péré: sílébù méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, kó tún padà sí méjì. Bí ẹnì kan bá ń kà á, gbogbo wa á máa fìka ka sílébù rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé á ra ẹ̀pà fún gbogbo ilé. Òfin kejì: òótọ́ ni kéèyàn kọ.

Àtìní, 8
Mò ń kọ nọ́ńbà tírélà lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ ní Apapa, mò ń fìka ka sílébù lábẹ́ tábìlì. Dírẹ́bà kan bi mí bóyá tẹ̀sùbáà mi ló sọnù. Ewì nípa kẹ̀kẹ́: ìlà kẹrin gùn jù. Ewì nípa òjò: kò nítumọ̀.

Àlàmísì, 11
Ó dé.

Bàbá,
ilẹ̀ gbà ọ́.
Bàtà rẹ ń dúró
lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé
o kú.

Ó pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Sátidé, 13
Mo kà á fún wọn. Mi ò ra ẹ̀pà. Mansur, àfẹ́sọ́nà mi, sunkún — odidi ọkùnrin. Ó dì mí lọ́wọ́ mú títí dé ọjà Boundary, ó ní àwọn ẹbí òun á wá tọrọ mi lọ́jọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀. Rukevwe, ọ̀rẹ́ mi, nìkan ló yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Òun nìkan ló mọ̀.
Jẹ́ n kọ ọ́ síbí, ìwé ò ṣáà lẹ́nu: bàbá mi ò kú. Ó wà ní Kirikiri, ọdún karùn-ún rèé tó ti ń dúró de ìdájọ́ lórí ẹrù tí wọ́n ní ó jí níbi iṣẹ́. Màmá ló ní ká máa sọ pé ó ti kú. Ó ti pé ọdún méjì tí mo lọ wò ó gbẹ̀yìn.

Jímọ̀, 19
Oníka ní kí n kọ òmíràn. Ọwọ́ mi ò lọ.

Àlàrùba, 24
Rukevwe dà mí. Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́rìnlá, ẹni tá a jọ pín aṣọ ilé-ìwé wọ̀! Ìjọ wọn máa ń lọ wo àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Àlàrùba. Ó da ewì mi kọ, ó lọ fi lé bàbá mi lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, kò tijú. Mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un. Ó ní, "Every Wednesday Papa dey ask of you. You don bury am finish. Make e read im own burial."
Mo ní kó má dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìkà ni.

Àlàmísì, 25
Mi ò lè jẹun. Ta ló kọ́kọ́ da ta, ná? Mi ò fẹ́ dáhùn.

Àlàrùba, 1 Ọ̀kìtóbà
Rukevwe ò wọlé. Ó ti bébà kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìkọ̀wé bàbá mi, tó máa ń tẹ̀ sósì; orúkọ mi ló fi bẹ̀rẹ̀.

Lúbà,
ewì rẹ dé.
Mo fìka kà á tán.
Jẹ́ kí bàtà wà níbẹ̀. Mo
ń bọ̀.

Ó pé. Lẹ́yìn bébà náà, Rukevwe kọ ọ́ pé ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀ lánàá, kò jẹ̀bi. Á jáde ní Jímọ̀. Sátidé làwọn ẹbí Mansur ń bọ̀.

Àlàmísì, 2
Bàtà kankan ò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Ìyẹn náà, irọ́ ni. Màmá ti fún Láwàlì oníkẹ̀kẹ́ ní bàtà ọ̀hún, ó ti pẹ́.
Mo lọ ra tuntun ní Boundary. Mansur tẹ̀lé mi, ó rò pé tòun ni mo fẹ́ rà. Oníbàtà béèrè nọ́ńbà ẹsẹ̀ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Mansur wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ní bàbá mi ni, pé mi ò rántí nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.