Igbó tí Bàbá Jẹ́jẹ́ Ò Ní Gé

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Ìpàdé. Ọ̀gá Àfojúsùn tún gbé tiẹ̀ dé: láàárín ọdún mẹ́wàá, èéfín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wa á di òdo. Ẹnjiníà ní ká tún ààrò ṣe. Ọ̀gá ní ìyẹn wọ́n jù – ká sanwó fún onígbó kan kó má gé igi rẹ̀, igi náà á bá wa fa èéfín mu. Ẹnjiníà ní, “Ẹ̀yin ń jẹun, ẹlòmíì ń bá yín gbààwẹ̀!” A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló mọ onígbó? Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní igbó. Ẹyin lohùn.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọ̀gá ní tí ti igbó yìí bá yọrí, wọ́n á gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe onígbà-díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ọ̀dọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọn kì í kánjú, wọn kì í purọ́. A jókòó sábẹ́ igi ńlá ẹnu ọ̀nà igbó, èyí tí bàbá wọn gbìn. Mo ṣàlàyé: igbó ò wúlò fún wa àfi tó bá jẹ́ pé Bàbá ti fẹ́ gé e tẹ́lẹ̀, ká lè sọ pé owó wa ló dá a sí.
“Èwo ni ti gígé? Ta ló ní mo fẹ́ gé e?”
Mo ní kí wọ́n ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ fún ayẹ̀wéwò tó máa wá yẹ igbó náà wò. Mo ní iṣẹ́ mi wà lórí ẹ̀. Wọ́n ń wo igi ńlá náà títí mo fi dìde.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Ẹnjiníà bi mí bóyá bàbá náà fẹ́ gégi lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní igi tí ò sí nínú ewu, kí la gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 18
Èmi àti ayẹ̀wéwò débẹ̀. Igi ńlá ti wà nílẹ̀ gbọọrọ, oje ṣì ń jáde lára kùkùté. Agégi kan ń nu ẹ̀rọ rẹ̀. Ayẹ̀wéwò ní ṣé lóòótọ́ ni Bàbá fẹ́ gé igbó yìí? Wọ́n nawọ́ sí igi náà. Inú ayẹ̀wéwò dùn, ó ní ẹ̀rí tó dájú nìyẹn, ó wọgbó lọ.
Bàbá ò wojú mi. “Mi ò lè purọ́, ọmọ mi. Mi ò sì fẹ́ kíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ.”
Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Wọ́n ti gbà mí pátápátá. Wọ́n fún mi ní yàrá tó ní fèrèsé. Ààrò ni ó kọjú sí. Èéfín ò dín. Igi tí bàbá bàbá mi gbìn ló dín.